Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wáìnì pupa tí mo pọn nílé, ṣé kí n rọ ọ́ sínú ìgò báyìí àbí kí n jẹ́ kó gbó?

AlájàràSacramento
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. California ni mò ń gbé. Lóṣù Kẹsàn-án tó kọjá, mo ra àjàrà Zinfandel lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Lodi, mo sì fi pọn wáìnì nílé. Lítà 23 ló wà nínú ìgò ńlá. Kò hó mọ́, ó sì ti tòrò. Àmọ́ bí mo bá tọ́ ọ wò, ó máa ń fún ahọ́n pọ̀ bí obì tútù, ó sì tún kan. Màmá mi máa pé ẹni 70 ọdún lóṣù Kejìlá, mo fẹ́ gbé e síwájú àlejò. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ìgò
Àbúrò, má tíì rọ ọ́ sínú ìgò. Èèpo àti kóró àjàrà ni èyí tó ń fún ahọ́n pọ̀ yẹn ti wá, kì í ṣe àrùn. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, yóò máa rọ̀ fúnra rẹ̀.

Kíkan yẹn ni kó o kọ́kọ́ wádìí. Wáìnì pupa sábà máa ń ní híhó kejì, tó jẹ́ iṣẹ́ bakitéríà. Ó ń sọ ásíìdì malic, irú èyí tó wà nínú ápù, di ásíìdì lactic, irú èyí tó wà nínú wàrà kíkan, ìyẹn sì rọ ẹnu lọ́rùn jù. Bí kò bá tíì parí tó o fi rọ ọ́ sínú ìgò, inú ìgò ni yóò ti máa hó, kọ́ọ̀kì lè ta jáde. Àwọn tó ń ta ohun èlò wáìnì ní bébà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ti parí, fa ọtí kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, fi sulphite, èròjà tí kì í jẹ́ kí ọtí bàjẹ́, sí i, kó o sì jẹ́ kó kún dé ọrùn ìgò. Àyè tí afẹ́fẹ́ bá rí níbẹ̀ ni fínígà ń gbà wọlé.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham
Òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹ jẹ́ n fi bí mo ṣe ń tọ́ tèmi wò kún un. Bu díẹ̀ sínú ife méjì. Tọ́ ọ̀kan wò lójú ẹsẹ̀, fi àwo pẹlẹbẹ bo ìkejì di ọjọ́ kejì. Bí ti ọjọ́ kejì bá dùn ju ti àná lọ, tí òórùn èso rẹ̀ ṣì dúró, ọtí yẹn lágbára láti pẹ́. Bó bá ti ń rùn bí ápù tó ti dẹ̀, má fi pa mọ́, ẹ mu ún lọ́dún yìí.

Àárọ̀ ni kó o tọ́ ọ wò, kí ata tó kan ẹnu. Má sì gbé e láti inú fíríìjì wá sẹ́nu. Wáìnì pupa tó bá tutù jù, fífún ahọ́n pọ̀ rẹ̀ ló máa ń le sí i. Ìwọ̀n Celsius 16 sí 18 dára. Bó bá ń rùn bí ẹyin òbu, ó ṣì ní àtúnṣe: bó o bá fẹ́ fà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, jẹ́ kó máa ta sílẹ̀ láti òkè kí atẹ́gùn lù ú. Àmọ́ bó bá ń rùn bí omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, kò sí oògùn rẹ̀ nílé.

Ọmọ Yemẹtu
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ní Ìbàdàn níbí, ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò la fi ń pọn tiwa. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ àwọ̀ rẹ̀ títí á fi rí rúsúrúsú, nítorí náà a kì í jẹ́ kó pẹ́. Àjàrà lágbára jù ú lọ, àmọ́ mo gbọ́ pé oòrùn Sacramento náà kì í ṣe kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sínú gáréèjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá Ìgò
O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ̀n Celsius 13 sí 15 ló dára jù láti fi pa á mọ́, àmọ́ kó má máa gòkè sọ̀kalẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Kọ́bọ́ọ̀dù àárín ilé tí oòrùn kì í dé sàn ju gáréèjì lọ.

Ọ̀rẹ́ Houston
Èmi ò fara mọ́ kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ pa mọ́ o. Adùn Zinfandel wà nínú èso rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí èso yẹn kú tán nítorí ẹ̀ ń wá ọtí tó gbó.

AlájàràSacramento
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, àyàmàṣe àti ewúrẹ́ yíyan la máa sè. Tó bá ṣì ń fún ahọ́n pọ̀ dìgbà náà ńkọ́?

Bàbá Ìgò
Ewúrẹ́ yẹn á bá a mu, ẹran máa ń pa líle rẹ̀. Ata àyàmàṣe ni kò ní bá a rẹ́, torí ata àti ọtí líle jọ ń ta ẹnu ni.

Bó bá fi máa di oṣù Kẹjọ tí kò tíì rọ̀, lo funfun ẹyin. Ní Bordeaux, nílẹ̀ Faransé, bíi funfun ẹyin 5 ni wọ́n ń fi sí àgbá lítà 225, nítorí náà ìdajì ẹyọ kan tó fún lítà 23. Lù ú díẹ̀ pẹ̀lú omi àti iyọ̀ díẹ̀, má jẹ́ kó di ìfófòó. Rò ó pọ̀ mọ́ ọtí, fi sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó rọ̀ sísàlẹ̀, kó o wá fa ọtí kúrò lórí rẹ̀. Jẹ́ kí àlejò tí ara rẹ̀ kì í gba ẹyin mọ̀. Kó o rọ ọ́ sínú ìgò lóṣù Kẹwàá, kó lè fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sinmi.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham
Bíi ìgò 30 ni wàá rí. Gbé ìdajì fún màmá, kó o fi ìdajì pa mọ́, ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ́ Houston náà á wọlé. Rọ díẹ̀ nínú èyí tó o máa pa mọ́ sínú àwọn ìgò kékeré mílílítà 375, kó o lè máa ṣí ọ̀kan wò lóòrèkóòrè láìfi odindi ìgò ṣòfò. Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀kì lo fi dé wọn, dá wọn dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má gbẹ.