Báwo ni ejò ère méjì tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ ṣe bí àfín?

Olùkọ́ Bàólọ́jì, Kàbà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fi fídíò àwọn tó ń sin ejò ère ní Amẹ́ríkà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Akọ àti abo náà jọ ère inú igbó lásán, àmọ́ ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́fà tó jáde nínú ẹyin wọn jẹ́ funfun òun ìyeyè, ojú rẹ̀ sì pupa. Níbo ni àwọ̀ náà ti wá?

Ará Mọ̀pà:
Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí jẹ́nótáìpù tí wọ́n ti mọ̀. Ẹni tó jẹ́ AS kò ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde, ṣùgbọ́n ó gbé jíìnì rẹ̀, ìyẹn àbùdá tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, sára. Bí AS bá sì fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àfín ère: ọmọ ní láti gba jíìnì náà lọ́dọ̀ baba àti ìyá kí àwọ̀ dúdú tó pòórá. Ẹ tẹnu mọ́ ọn pé ẹyin kọ̀ọ̀kan ló ń gba ìpín tirẹ̀, nítorí náà ẹyin mẹ́rin lè pa láìsí àfín kankan, àfín sì lè jẹ́ mẹ́ta nínú wọn. Nínú àwọn ọmọ tí àwọ̀ wọn kò yí padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni a ń retí pé ó gbé jíìnì náà, ojú lásán kò sì lè dá wọn mọ̀.

Onímọ̀ Ẹranko, Ìsánlú:
Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn àwọ̀ mìíràn kì í fara pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan nínú jíìnì àwọ̀ tí àwọn tó ń sin ejò náà ń pè ní Pastel ti tó láti mú kí ìyeyè ara ejò náà tàn sí i. Bó bá gba méjì, á tún tàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ kan náà ni ti jíìnì mìíràn tí wọ́n ń pè ní Spider, tó ń sọ bátabàta ara di ìlà tín-ín-rín, ṣùgbọ́n àbùkù inú etí ń bá a rìn: orí ejò náà á máa gbọ̀n, nígbà mìíràn á yí dojú sókè bó bá fẹ́ gbá oúnjẹ mú. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa mú irú rẹ̀ bí sí i nítorí ẹwà.

Olùkọ́ Bàólọ́jì, Kàbà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé bí a bá pa àfín méjì pọ̀, gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ àfín?

Ará Mọ̀pà:
Àfi bí wọ́n bá jẹ́ irú kan náà. Ìwádìí tó jáde ní 2022 fi hàn pé TYR ni jíìnì tó bàjẹ́ lára àfín tó wọ́pọ̀, OCA2 sì ni ti èyí tí wọ́n ń pè ní Lavender. Àwọn jíìnì méjèèjì wọ̀nyí wà lára èyí tó ń fa àfín ènìyàn pẹ̀lú. Bí a bá pa irú àfín méjèèjì yìí pọ̀, ọmọ á gba TYR tó pé lọ́dọ̀ ọ̀kan, á gba OCA2 tó pé lọ́dọ̀ èkejì, gbogbo wọn á sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ dúdú tí òbí méjèèjì kò ní.