Kí ni kí n fi bo ògiri ẹ̀yìn gáàsì mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òkè-Fìà l'Óṣogbo níbí ni mò ń gbé. Ògiri kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó dá yàtọ̀ nílé ìdáná mi, èyí tó wà lẹ́yìn gáàsì. Mẹ́ta yòókù á wà ní funfun.

Ọ̀dà lásán ni mo kùn ún lọ́dún tó kọjá. Kò pé oṣù mẹ́ta tí epo dòdò fi ta sí i lára káàkiri. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ọ̀dà ló bá kànrìnkàn wá, epo dúró síbẹ̀!

Ọkọ mi ní ká ra PVC, pé kò wọ́n, ọjọ́ kan la ó sì lẹ̀ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ike ni. Lánàá tí mo se ẹ̀wà tán, mo fọwọ́ kan ògiri yẹn, ó ń jó mi lọ́wọ́. Ṣé ike ò ní yọ́? Pákó wù mí, àmọ́ ikán ilé wa ò gba ẹ̀bẹ̀.

Táìsì kéékèèké aláwọ̀ aró ló wà lọ́kàn mi, tó rí bí àdìrẹ. Ìlà funfun àárín rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí epo pupa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ṣé ẹ fi àwọ̀ dúdú dí i ni, àbí kí n ra táìsì ńlá kí ìlà má pọ̀?

Bíríkìlà tó wá wò ó ní òun lè lẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀dà àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ ha á?