“Pọ́n” nìkan kò tó: ọ̀rọ̀ fún àtúnṣe ayùn àtijọ́

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ̀yin oníṣẹ́ igi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀: kí á pe gbogbo àtúnṣe eyín ayùn ní “pípọ́n ayùn”; kí á pe títẹ eyín sọ́tùn-ún sósì ní “ìgbékalẹ̀ eyín”; kí á pe ibi tí a ń dì mú ní “ọwọ́ ayùn”. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ẹ sọ fún ọmọ iṣẹ́ ní ìsọ̀ káfíńtà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde pé kó “gbé eyín kalẹ̀”: kí ni yóò gbé, ibo ni yóò gbé e sí?

Yorùbá ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí fún wa. A ń la igi, a sì ń gé igi. Lagilagi kì í ṣe agégi. Ìyàtọ̀ inú ayùn gan-an nìyẹn. Ayùn ìlàgi ń tẹ̀ lé fọ́nrán igi, eyín rẹ̀ dà bí ṣísẹ́ẹ̀lì kéékèèké, a sì ń ti fáìlì onígun mẹ́ta kọjá lára rẹ̀ tààrà, ní 90 dígíríì sí abẹ, ìyẹn irin pẹlẹbẹ ayùn. Ayùn ìgégi ń dábùú fọ́nrán, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ eyín rẹ̀ ní láti mú bí ẹnu ọ̀bẹ. A ń dá fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bíi 15 sí 25 dígíríì. Ẹni tó bá fi ayùn ìlàgi gé ìdábùú pákó yóò rí i pé fọ́nrán ń ya, ojú oríkèé kò sì ní jọra. Kò sí ìdí láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún méjèèjì.

Ìpẹtà ni a kọ́kọ́ ń ha kúrò. A ń fi abẹ rísọ̀ ha èyí tó nípọn, lẹ́yìn náà sáńpépà 220, ká parí rẹ̀ sí 400, pẹ̀lú kẹrosíìnì, ká fi igi pẹlẹbẹ tì í lẹ́yìn kí ọwọ́ má baà gbẹ́ kòtò sí abẹ. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa tẹ̀ lé gígùn abẹ, kẹ́ ẹ sì rọra níbi tí àmì ilé iṣẹ́ wà. Ẹ má gbé gíríǹdà sún mọ́ ọn: ooru rẹ̀ ń pa líle irin. Ní ìgbà òjò ní Rẹ́mọ, abẹ tí a kò fi òróró pa lẹ́yìn iṣẹ́ kì í pẹ́ tún dípẹtà. Bí ìpẹtà bá sì ti jẹ ihò jinlẹ̀ sí ìdí eyín, eyín yóò kán nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́.

Orí eyín ni àríyànjiyàn wa wà. Iṣẹ́ mẹ́ta ni, ó sì yẹ kó ní orúkọ mẹ́ta.

Rírẹ́ orí eyín ni àkọ́kọ́. Fáìlì pẹlẹbẹ ni a ń wọ́ lórí góńgó, ìyẹn ṣóńṣó orí eyín, láti ìdí ayùn dé imú rẹ̀, títí gbogbo góńgó yóò fi ní àmì kékeré tó ń dán. Àmì yẹn ni òṣùwọ̀n fún pípọ́n: bó bá ti parẹ́, kí fáìlì kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, eyín náà ti kúrú ju ìyókù lọ, kò ní kan igi mọ́. Ẹ fi pákó méjì há abẹ sínú fáìsì, irin tí a fi ń di nǹkan mú, kí eyín nìkan yọ. Abẹ tó bá yọ sókè jù yóò máa gbọ̀n, fáìlì yóò sì máa ké.

Títẹ eyín ni ìkejì, kí a tó pọ́n in ní àpọ́nparí. Ẹnìkan dábàá “yíyà eyín”, nítorí pé eyín kan ń yà sọ́tùn-ún, èkejì ń yà sósì. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n “yà” máa ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ: “ya eyín” yóò wá dún bí ẹni ń ya aṣọ. “Tẹ̀” náà ń sọ tirẹ̀ nù, ṣùgbọ́n kò sí ìjàǹbá níbẹ̀, torí pé títẹ̀ gan-an ni irinṣẹ́ bíi pílásì tí a ń lò fún iṣẹ́ yìí ń ṣe. Ìdajì òkè eyín nìkan ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láti ìdí, yóò kán. Fún ayùn dọ́fùtéélì, èyí tí a fi ń gé oríkèé pákó, lára abẹ tó nípọn tó ìdajì mìlímítà, nǹkan bíi 0.05 mìlímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó fún ìrókò gbígbẹ. Arère tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi yóò há ayùn. Bí ìtẹ̀ ọ̀tún bá pọ̀ ju ti òsì, ayùn yóò máa fà sọ́tùn-ún. Ẹ fi òkúta ìpọ́nbẹ kọjá lára eyín apá ọ̀tún fẹ́ẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni “pọ́n” tó dé ipò tirẹ̀.

Ẹ má sì pa “eyín” àti “góńgó” pọ̀. Disston, ilé iṣẹ́ ayùn tí Henry Disston dá sílẹ̀ ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà ní 1840, máa ń lu nọ́mbà sí ìdí abẹ àwọn ayùn rẹ̀ àtijọ́. Góńgó ni nọ́mbà náà ń kà: góńgó 8 nínú íǹṣì kan jẹ́ eyín 7, torí pé a ń ka góńgó tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì íǹṣì náà.

Ní ti “ọwọ́ ayùn”, ọkọ́ àti àáké ló ní ẹ̀rú. Ọ̀bẹ àti idà ló ní èèkù. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Abẹ ayùn ń wọ inú igi bí ti ọ̀bẹ, nítorí náà èèkù ni. Nọ́ọ̀tì idẹ àtijọ́ tó di èèkù mọ́ abẹ, tó ní ojú ìlà méjì, kò gba sukurudíráfà lásán. Ẹ fi fáìlì gé àlàfo sáàárín ẹnu sukurudíráfà náà, torí idẹ rọ̀, tipátipá yóò já a.

Ó ku àlàfo tí ayùn ń fi sílẹ̀ nínú igi. Àwọn kan fẹ́ “ojú ayùn”, ṣùgbọ́n ara ayùn ni ojú wà, inú igi ni àlàfo wà. “Ipa ayùn” ni mo fi lélẹ̀. Ẹ fi í sínú gbólóhùn iṣẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe dún: kí ipa ayùn wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlà tí a ó gé dànù, kó má jẹ ìlà náà.