Ojú mi rí màbo ní Emperor: ẹ wá sọ tiyín

Mo ti gbá Civilization VI, géèmù kọ̀ǹpútà tí a ti ń kọ́ ìlú tí a sì ń jagun, fún ọ̀pọ̀ oṣù kí n tó mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n gbá.

Prince ni ilé mi. Ìpele mẹ́jọ ni géèmù náà ní bó ṣe ń le sí i, láti Settler títí dé Deity, Prince sì ni ìkẹrin. Ibẹ̀ ni ọwọ́ èmi àti ti kọ̀ǹpútà ti dọ́gba, wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn. Mò ń borí níbẹ̀ bí ẹni ń mumi. Màá kọ́ Stonehenge, màá kọ́ Pyramids, màá kọ́ gbogbo ilé àrà tí ojú mi bá ṣáà ti rí. Nígbà tí eré bá fẹ́ parí ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mi ò ní ju sójà méjì lọ, kò sì sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu. Mo wá ń pe ara mi ní ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kan mo fo King, mo bọ́ sí Emperor, ìpele kẹfà, tààrà. Ìgbéraga ni, mi ò ní purọ́.

Mo ti rò pé kọ̀ǹpútà á gbọ́n sí i, pé á máa dẹ pańpẹ́ fún mi, á máa ronú bíi ti ọ̀ta ayò. Irọ́ ni. Ọgbọ́n rẹ̀ ò yí padà. Sójà rẹ̀ ṣì ń rìn gbéregbère síwájú odi ìlú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹrù tó gbé dání ló yí padà. Ní Emperor, bí èmi ṣe ń fi Settler kan (àwọn tó ń tẹ ìlú dó, kì í ṣe ìpele yẹn) àti jagunjagun kan bẹ̀rẹ̀, Settler méjì àti jagunjagun mẹ́ta ni tirẹ̀. Iṣẹ́ àti wúrà ìlú rẹ̀ fi 40% ju bó ṣe yẹ lọ, ìmọ̀ àti àṣà rẹ̀ fi 16% jù ú lọ. Bí a bá sì pàdé lójú ogun, wọ́n tún fi agbára 2 kún ti sójà rẹ̀. Mi ò mọ ìkankan nínú èyí lọ́jọ́ náà.

Mo tẹ̀dó sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, mo sì bẹ̀rẹ̀ Stonehenge mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ìlú kan ṣoṣo ni mo ní. Ó ku turn mẹ́rin (ìgbà tó kan kálukú láti ṣeré) kí n parí rẹ̀ ni wọ́n kéde pé ẹlòmíràn ti kọ́ ọ tán níbì kan tí mi ò tíì dé rí. Mo jókòó, mò ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Mi ò tíì bọ́ nínú ìyẹn tí Montezuma, ọba Aztec tí kọ̀ǹpútà ń darí, fi dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá Montezuma jẹ aládùúgbò rí, ẹ ti mọ̀ bó ṣe máa parí. Ìwà rẹ̀ ni pé inú máa ń bí i sí ẹni tó bá ní ohun afẹ́ tí òun ò ní, bẹ́ẹ̀ èmi sì jókòó lé orí irú rẹ̀ méjì. Jagunjagun lásán, agbára rẹ̀ 20 ni. Eagle Warrior tirẹ̀, 28. Mẹ́rin ni wọ́n wá ní turn 27. Wọ́n yí jagunjagun mi kan ṣoṣo po, wọ́n nà án, àbí ẹ mọ nǹkan tó dùn mí jù? Kò kú. Ó di alágbàṣe Montezuma, torí Eagle Warrior máa ń sọ ẹni tó bá ṣẹ́gun di òṣìṣẹ́. Mo rí i tó ń bá a ro oko lẹ́bàá odi mi. Ní turn 33, olú-ìlú bọ́ lọ́wọ́ mi, omi tán lẹ́yìn ẹja. Eré tí mo máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta gbá kò tó wákàtí kan.

Mo bínú pa á, mi ò sì fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí mo padà, mo ní mi ò ní kọ́ ilé àrà kankan kí n tó ní ìlú mẹ́rin. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó le fún mi ju kí n fi iyọ̀ sílẹ̀ lọ. Oníkànnàkànnà ni mo kọ́kọ́ kọ́, mẹ́ta. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn lọ gbẹ̀mí jàǹdùkú kan tó ń rìn káàkiri, torí bí oníkànnàkànnà bá ti pa ẹnì kan, ìmọ̀ ọfà á yá kánkán. Lẹ́yìn ìyẹn mo fi wúrà sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di tafàtafà. Oníkànnàkànnà kì í ta kọjá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tafàtafà ń ta dé ilẹ̀ kejì. Mo tò wọ́n sẹ́yìn òkè. Ẹnikẹ́ni tí mo bá sì pàdé, lójú ẹsẹ̀ ni mò ń fi aṣojú ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú wúrà 25, torí ó máa ń gbà á bó bá jẹ́ turn tí ẹ pàdé gan-an. Bí o bá fi falẹ̀, ó lè kọ̀ ọ́.

Wọ́n ṣì gbógun wá. Lọ́tẹ̀ yìí, mẹ́ta nínú wọn ò padà sílé.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ juwọ́ sílẹ̀ kì í ṣe ojú ogun, àárín eré ni, ní nǹkan bíi turn 110. Mo ṣí ojú ìwé tí máàkì gbogbo wa wà, mo rí i pé èmi ni mo gbẹ̀yìn. Àwọn kan ti ń lo ìbọn, èmi ṣì ń ta ọfà. Mo ń bá a lọ ṣáá, mò ń kọ́ Campus, àdúgbò ilé ẹ̀kọ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ńlá níbi tó ti ń gba ìmọ̀ kún un. Díẹ̀díẹ̀ mo rí i pé iwájú tí wọ́n wà kò fẹ̀ sí i mọ́. Ẹrù pọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì mọ̀ ọ́n ná. Turn 291 ni mo fi ìmọ̀ borí. Mi ò kọ́ Stonehenge títí eré fi parí.

Ẹ̀yin ńkọ́?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, jagunjagun tó ń roko yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ tèmi, XCOM 2 ni, géèmù tí a ti ń darí sójà láti bá àwọn àjèjì láti ojú òfuurufú jà. Ìpele mẹ́rin ló ní: Rookie, Veteran, Commander, Legend. Mo ti parí Commander lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbà pé mo mọ ìbọn yìn. Àṣé géèmù ń ràn mí lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀! Nísàlẹ̀ Legend, bí ìbọn ẹni bá ti tàsé ṣáájú, ó máa ń rọra fi díẹ̀ kún ti èyí tó kàn, kò sì ní hàn nínú nọ́ńbà tó wà lójú. Ní Legend, ó yọwọ́ pátá. 65% tí ẹ bá rí, 65% náà ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ pàá, gbogbo sójà mi mẹ́rin kú. Mo tún un ṣe, wọ́n tún kú. Mo bú géèmù náà pé ó ń ṣe àrékérekè, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá mi ṣòótọ́. Bọ́ǹbù ọwọ́ ló gbà mí. Bọ́ǹbù kì í tàsé, ó sì ń fọ́ ohun tí ọ̀tá sápamọ́ sí lẹ́yìn. Ní báyìí, mi ò kì í ka ìbọn mọ́, bọ́ǹbù ni mò ń kà.

* * *

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n jiyàn díẹ̀. Nínú géèmù ogun Age of Empires II: Definitive Edition, kọ̀ǹpútà ń gbọ́n sí i ní tòótọ́. Ní Extreme, ìpele tó le jù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fún un ní oúnjẹ tàbí igi lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí mo ní ló ní, ó sì ń fi nà mí bí ẹni na bàrà. Mo wo eré náà padà láti mọ ibi tí mo ti ṣìṣe: Town Center tirẹ̀, ilé àárín ìlú, kì í sinmi, ará abúlé ń jáde níbẹ̀ léraléra. Tèmi ti sùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí n tó dé Feudal Age, sáà kejì eré náà. Ará abúlé kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 25, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kí ni mò ń ṣe nígbà náà? Mò ń wo ẹlẹ́ṣin mi tó ń lé àgùntàn.

* * *

Àbúrò, mo gbà fún ọ. Civilization ni mo ní lọ́kàn.

Ẹni tó ní ṣé mo ti dé Deity: mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Settler mẹ́ta ni kálukú wọn gbé dání, pẹ̀lú jagunjagun márùn-ún. Mo tún bá Montezuma pàdé, mo fi wúrà 25 ránṣẹ́, ó gbà á, ó dúpẹ́. Turn 24 ló dé. Mo ti padà sí Emperor.