Omi ilé ìwẹ̀ wa ń gbé iná

Àwọn plọ́mbà kan máa ń so wáyà iná, iṣẹ́ tó jẹ́ ti oníná; ẹ gbọ́ ohun tí ojú tèmi rí. Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn ni mò ń gbé, a háyà ilé ni. Wọ́tà hítà ilé ìwẹ̀ wa bàjẹ́, lánlọ́ọ̀dù ní ká pe plọ́mbà tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ omi inú ọgbà. Ó ra òmíràn wá, ó gbé e kọ́, ó fi tépù wé ojú páìpù dáadáa, kò jò rárá. Ká má purọ́, ó mọṣẹ́ omi. Àmọ́ ó tún so wáyà iná fúnra rẹ̀, ó ní kí ló le níbẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ìyàwó mi pariwo láti ilé ìwẹ̀ pé omi ń ta òun. Mo rò pé gbígbóná omi ló ń sọ. Ó ní rárá o, bí òun bá ti fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ, iná ló ń gbé òun, láti ọmọ ìka dé èjìká. Mo pe plọ́mbà. Ẹ gbọ́ èsì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí Àǹtí máa wọ sílípáàsì wẹ̀." Sílípáàsì!

Mo pa bírékà hítà náà, mo wá oníná. Ó tan bírékà padà, ó fi téṣìtà kan ẹnu ẹ̀rọ, téṣìtà tàn yòò. Ó pa á, ó wá ṣí hítà. Wáyà mẹ́ta ló yọ lára ògiri. Plọ́mbà so aláwọ̀ búráùn àti búlúù. Ẹ̀kẹta, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, ó ti gé e kúrú, ó fi tépù dúdú wé e, ó tì í sẹ́yìn. Wáyà ẹ́ẹ̀tì gan-an nìyẹn, èyí tó yẹ kó máa kó iná tó bá sá lọ wọnú ilẹ̀. Hítà "tuntun" náà, tòkunbọ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà ni, kọ́ìlì inú rẹ̀ ti là, iná sì ń bọ́ sínú omi. Àwọn kan á ní páìpù PVC kì í gbé iná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ń gbé e, irin sì ni ẹnu ẹ̀rọ.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ká tiẹ̀ so wáyà yẹn padà, ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, níbi tí wáyà náà ń lọ, nìkan kò tó. Ilẹ̀ kì í sábà fa iná débi tí bírékà 20 amps á fi já, pàápàá lẹ́ẹ̀rùn. RCD ló yẹ kó wà níwájú hítà, ìyẹn bírékà kan tó ń ṣọ́ iná tó ń sá lọ, tó sì ń já bó bá ti tó 30 mA, ìdá ọgbọ̀n péré nínú ẹgbẹ̀rún amp kan. Nítorí wáyà ni bírékà ṣe wà. Nítorí ènìyàn ni RCD.

Ti Bàbá Ìbejì, aládùúgbò wa, yàtọ̀. Plọ́mbà mìíràn ń gbẹ́ ògiri kíṣìnì wọn. NEPA ti mú iná lọ, ọkàn gbogbo wọn balẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí ínfátà tó ṣì ń fi bátìrì gbé iná sínú ilé. Irin tó fi ń gbẹ́ kan páìpù funfun kan, ó ṣe bí ti omi ni, ó lù ú wọlé. Wáyà ló kún inú rẹ̀. Gbàù! Ẹnu irin yẹn yọ́ bí àbẹ́là. Rọ́bà tó wà lọ́wọ́ irin náà ló kó o yọ.

Lánlọ́ọ̀dù ti ra RCD, ó ní òun á kó ìdajì rẹ̀ sórí owó ilé wa, a ṣì ń fà á. Oníná yẹ hítà àwọn tó kù nínú ọgbà wò, ó tún bá wáyà ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé nínú ọ̀kan. Plọ́mbà wa ṣì ń pè mí fún balánsì.