Lórí “róbọ́ọ̀tì àtòpọ̀”: ẹ jẹ́ ká pè é ní olóríkèé

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú àpérò yìí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àríyànjiyàn.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka lẹ́tà yín, mo kàn pa ẹnu mọ́ ni. Èyí tó wọlé lánàá ló mú mi jókòó. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: arákùnrin wa tó ń gbé ní Ìbàdàn ló béèrè ohun tí Yorùbá lè pe àwọn jagunjagun oníke tí a máa ń tò fúnra wa ní kékeré, àwọn tó jọ ènìyàn tó tún jọ ẹ̀rọ, tí apá, itan àti orí wọn máa ń wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òun fúnra rẹ̀ dábàá “róbọ́ọ̀tì àtòpọ̀”. Ẹ̀gbọ́n wa ti Ìlọrin ní “ọmọlángidi onírin”. Màmá wa tó jẹ́ olùkọ́ èdè ní “ẹ̀rọ-ènìyàn”. Lánàá ni ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Òṣogbo bíi tèmi wá ní “eégún oníke”, ni gbogbo yín bá ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò bá yín pa á.

Mi ò ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé o. Ọdún 2002 ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, Òkè-Baálẹ̀ la sì ń gbé. Láàárín ṣẹ́ẹ̀tì àti ìpara tó kó wá fún àwọn àgbà, agolo oníke méjì wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi àti àbúrò mi. BIONICLE ni wọ́n kọ sí i lára, irú jagunjagun tí à ń sọ yìí ló sì wà nínú rẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Ilé iṣẹ́ LEGO ti ìlú Billund ní Dẹ́ńmáàkì, tó ti wà láti 1932, ló ṣe é. 2001 ni ó gba ayé kan, wọ́n dá a dúró ní 2010, wọ́n jí i ní 2015, ó tún kú ní 2016. Akọni mẹ́fà, tí wọ́n ń pè ní Toa, ló kọ́kọ́ wà: Tahu tó ni iná, Gali tó ni omi, Onua tó ni ilẹ̀, Pohatu tó ni òkúta, Kopaka tó ni yìnyín, àti Lewa tó ni afẹ́fẹ́. Àbúrò mi gba Kopaka funfun. Lewa aláwọ̀ ewé ni tèmi.

Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ta ni yóò sọ fún ọmọ Òṣogbo pé “Lewa” kì í ṣe Yorùbá? Léwà la kà á, a sì gbà pé arẹwà ni. Ibi tó ti wá nìkan la jà lé lórí: èmi ní ọmọ Òròkí ni, ọmọ alájọgbé wa ní rárá, ará Ẹdẹ ni, nítorí àwọn ará Ẹdẹ ló máa ń gbé àáké kiri báyẹn. A lu ara wa lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ti agolo tó gbé e wá, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí màmá mi fi bu iyọ̀ sínú rẹ̀, ìdáná ló sì wà títí mo fi wọ yunifásítì.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń ṣeré yẹn, a ò ní ọ̀rọ̀-orúkọ kankan fún un. “Tóì” ni, tàbí ká pe Lewa ní Lewa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe kún ẹnu wa. “Tú u.” “Bá mi tò ó.” “Ti orí rẹ̀ bọ̀ ọ́.” Èyí tí a máa ń sọ jù ni “apá rẹ̀ ti yẹ̀.” Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé orí rogodo kan wà ní ìpẹ̀kun egungun kan, ihò sì wà lára èkejì; ẹ ó tì í títí yóò fi dún kó, apá náà á wá lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bó bá bọ́, kò kán, yíyẹ̀ ló yẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nípa ọmọ tó já lórí igi náà nìyẹn. “Tò” tí a sì ń pè, ohun tí àwọn tó ń to eegun ń ṣe ni.

Lọ́jọ́ kan àbúrò mi pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé, “Itan rẹ̀ ti yẹ̀ o!” Ìyá bàbá mi tó ń bó ẹ̀gúsí sáré jáde, ìró ń tú nídìí rẹ̀, ó ń béèrè pé ta ló já lórí máńgòrò. Nígbà tó rí ohun tó yẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ní ká gbé e wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó wá bi wá pé ọmọ ta ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ báyìí. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti gbọ́ “yẹ̀” lẹ́nu wa, á kọ́kọ́ béèrè: “Ti ènìyàn ni àbí ti rọ́bà?”

Nítorí náà, ara oríkèé ni mo rò pé ó yẹ ká ti yọ orúkọ náà. Oní àti oríkèé, ó di olóríkèé, bí oní àti oko ṣe di olóko. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò gùn, ọmọ lè fi pariwo láti ẹ̀yìnkùlé. Bí àwọn ọmọ bá sì gé e kù sí “olórí”, kò sí aburú níbẹ̀, akọni kúkú ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí “eégún oníke”, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Mo mọ ohun tó fà á. Gbogbo àwọn Toa ló ń bo ojú, agbára wọn sì wà nínú ìbòjú yẹn. Bó bá ṣí kúrò lójú wọn, ó rẹ̀ wọ́n nìyẹn. Kanohi ni wọ́n ń pe ìbòjú náà, ọ̀rọ̀ tí àwọn Māori, ọmọ ìbílẹ̀ New Zealand, ń lò fún ojú sì ni. Ọmọ tó bá dàgbà ní Òṣogbo á rí i, á ní eégún ni. Àwa náà fi áńkáṣíìfù bo Lewa rí, a ń lù ú ní agolo káàkiri àgbàlá. Mi ò lè puró pé kò dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nípa ohun ìṣeré yìí gan-an. Inú èdè àwọn ará erékùṣù Pásífíìkì ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ rẹ̀. Toa, jagunjagun ni lédè Māori. Pōhatu, òkúta ni. Tahu, kí a dáná sun nǹkan ni. Ní 2001, àwọn Māori kan ní New Zealand fi ẹjọ́ sun pé wọn ò bi àwọn kí wọ́n tó mú ọ̀rọ̀ àwọn lọ fi ta ọjà. Èyí tó dùn wọ́n jù ni “tohunga”. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó jinlẹ̀ nínú ìmọ̀ àti nínú ohun mímọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí a ó pè ní babaláwo tàbí ọ̀jẹ̀ níhìn-ín. Ilé iṣẹ́ náà sì ti fi sọ àwọn ará abúlé kéékèèké inú ìtàn wọn, àwọn tó kàn ń sá kiri. Àwọn Māori rọ̀ wọ́n, ilé iṣẹ́ náà gbà, tohunga inú ìtàn wá di “Matoran”, ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà hun fúnra rẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn ló mú ọ̀rọ̀ àwọn Māori, wọ́n sì jà. Àwa fẹ́ fi ọwọ́ ara wa mú tiwa! Eégún, ará ọ̀run, tí a ń yọ bàtà fún, ká wá máa sọ pé “mo jókòó lé eégún mi lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ.” Mi ò sọ pé ẹ̀sìn nìkan ló fà á. Ẹ wò ó láti ìhà kejì náà. Àǹtí mi kan tí kì í fi ìsìn ọjọ́ Àìkú ṣeré wá kí wa, ó rí Lewa níbi tí a gbé e dúró sí lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun ò ní jókòó àyàfi bí a bá gbé “eégún yẹn” jáde. Òru méjì ni Lewa sùn nínú ilé adìyẹ. Bí orúkọ náà bá lọ wọ ìwé ọmọdé, ìdajì àwọn ilé tó wà ní ìlú yìí, ti Mùsùlùmí ti Onígbàgbọ́, á ju nǹkan náà nù, ìdajì tó kù á bínú pé a tàbùkù àwọn baba wọn.

Ọ̀rẹ́ kan kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé ère ńkọ́, ṣebí Òṣogbo la wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ère kún Igbó Ọ̀ṣun, èyí tí Àdùnní Olórìṣà, Adébísí Àkànjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi sìmẹ́ńtì mọ, tí UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ẹ lọ wò wọ́n. Ère kì í yẹ̀. Fífọ́ ló ń fọ́. Ìdáhùn mi sí ọmọlángidi náà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ti Ìlọrin, ẹ má bínú. Ọmọlángidi kan ni látòkè délẹ̀, òun náà la fi ń bú ẹni tó dúró gbagidi tí kò ṣe nǹkan kan. “Onírin” tí ẹ sì fi kún un, irin dà níbẹ̀? Rọ́bà ni!

Màmá, ẹ̀rọ-ènìyàn yín dára ju bí wọ́n ṣe kà á sí lọ. Àwọn Toa àkọ́kọ́ yẹn ní àgbá kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré lẹ́yìn, tí ẹ bá ń yí i, apá á máa fi àáké gé afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò ní bátìrì, kò lè dá rìn. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀rọ-ènìyàn fún àwọn tó ń dá rìn, nítorí wọ́n ti ń bọ̀ wá bá wa, a ó sì nílò orúkọ fún wọn.

Ẹnì kan tún ní ká tú “robot” dé gbòǹgbò, ká pè é ní “ẹrú irin”. Òótọ́ ni pé inú eré orí ìtàgé tí Karel Čapek kọ ní 1920 ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, àti pé robota ní èdè Czech ni iṣẹ́ tí wọ́n ń fi túláàsì mú àgbẹ̀ ṣe fún onílẹ̀. Àwọn róbọ́ọ̀tì ti Čapek gan-an kì í ṣe irin, ohun tó dà bí ẹran ara ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Mi ò sì ní fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní nǹkan kí n sọ fún un pé ẹrú rẹ̀ nìyí.

Ó wá ku àtòpọ̀. Kò parọ́, ó kàn fẹ̀ jù ni: bíríkì LEGO, àtòpọ̀, bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà kó wá ní wẹ́wẹ́, àtòpọ̀. Bí ẹ bá sì yí i sí “àtúntò”, Àbújá ni gbogbo etí máa lọ, àwọn ènìyàn á rò pé à ń jà fún ìjọba ìpínlẹ̀. (Transformers, tí ilé iṣẹ́ Hasbro gbé jáde ní 1984 pẹ̀lú Takara ti Japan, yàtọ̀ sí èyí. Ìyẹn ń pa ara dà di mọ́tò, aparadà ni kó máa jẹ́.)

Ohun tó tún fún mi láyà ni pé orúkọ ilé iṣẹ́ tó bí ohun ìṣeré yìí, LEGO, inú ọ̀rọ̀-ìṣe ló ti wá: leg godt, “ṣeré dáadáa” ní èdè Dẹ́ńmáàkì, wọ́n gé e, wọ́n so ó pọ̀. Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti ṣẹ̀dá rí. Asọ̀rọ̀mágbèsì dúró nítorí ó sọ ohun tí rédíò ń ṣe sí ni, ó tún pani lẹ́rìn-ín. Amóhùnmáwòrán náà ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ṣùgbọ́n inú ìròyìn nìkan ló ń gbé. Nílé, tẹlifíṣọ̀n ni.

Ìyàwó mi yọjú wo ohun tí mò ń kọ, ó ní, “Olóríkèé? Ṣé oògùn aromọléegun lẹ fẹ́ máa tà ni?” Mi ò tíì rí èsì fún un. Mo kàn mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ra ayédèrú kan fún ní ọjà Orísunmbáre, kò ní aromọléegun, kò sì béèrè ìtumọ̀ nígbà tí mo pè é bẹ́ẹ̀.

Ó ku nǹkan kékeré méjì tí a kò tíì sọ lórúkọ: orí rogodo tó ń wọlé, àti ihò tó ń gbà á. Àwọn mẹkáníìkì Ọlá-Ìyà ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, wọ́n sì ń pe méjèèjì pọ̀. Èmi ń pe èyí àkọ́kọ́ ní kókó, èkejì ní ilé kókó. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, mò ń lọ sí oko.

Èmi ni tiyín, láti Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.