Ọmọ mi ń payín keke lójú oorun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́. Kubwa ní Àbújá la wà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 4, ń payín keke lójú oorun. Lálẹ́ àná tí iná lọ tí fáànù dákẹ́, mo gbọ́ ọ kedere, bí ẹni ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó le koko. Ìyá ọkọ mi ní aràn ni. A lo oògùn aràn, kò yí padà. Nọ́ọ̀sì kan ní ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń ṣe é, pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń sọ láàárọ̀ pé etí ń dun òun. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ṣé kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín báyìí? Kí lẹ ṣe fún tiyín?